Ìyanṣẹ́lódì

Àwọn kan ń pè é ní ìdaṣẹ́sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dára, ṣùgbọ́n ẹni tó kàn rẹ̀ náà lè da iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó lọ sùn. Ìyanṣẹ́lódì ni mo fẹ́ tú wò: kí a yan iṣẹ́ lódì.

Ta là ń yàn lódì? A kì í yan ẹni tí a kò mọ̀ rí lódì. Ẹni tí a jọ ń jẹ, tí a jọ ń mu, tó wá ṣẹ̀ wá ni. Odi ni ẹni tí kò lè fọhùn. Ẹni tó ń yodì ní ohùn tirẹ̀, ó fi pamọ́ ni, ó ń retí kí a wá bẹ òun. Nítorí náà, ẹni tó yanṣẹ́ lódì kò kọ iṣẹ́. Ó fẹ́ padà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí agbanisíṣẹ́ kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1971, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, ní Èkó, dákẹ́ báyẹn. Ìgbìmọ̀ tí Olóyè Simeon Adébọ̀ darí láti yẹ owó oṣù wò ti ní kí wọ́n fi owó kún owó oṣù nítorí ọ̀wọ́n ọjà. Àmọ́ ìjọba ológun Nàìjíríà yọ ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ti fún òṣìṣẹ́ ní àfikún láti 1964 sílẹ̀. Ọ̀wọ́n ọjà ti wà tipẹ́, ìyà nìkan kọ́ ló kó àwọn òṣìṣẹ́ náà jọ. Ohun tí ìjọba fi han gbogbo ayé pé ó tọ́ sí òṣìṣẹ́ ni ó ní kò kàn wọ́n: èyí ló dun olúkúlùkù bákan náà.

Òfin 53 ti ọdún 1969 ti ka ìyanṣẹ́lódì léèwọ̀. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá sì dán an wò, wọn á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n wọn kò dá wà: Agége ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, wọ́n jọ ń gbé ojúlé kan náà, wọ́n jọ ń ra oúnjẹ láwìn lọ́wọ́ olóúnjẹ kan náà. Adrian Peace, tó ṣèwádìí láàárín wọn, kọ ọ́ pé àwọn ọlọ́jà Agége náà wà lẹ́yìn wọn. Owó oṣù òṣìṣẹ́ ni ọjà wọn fi ń tà.

Nígbẹ̀yìn, ìjọba fagi lé ìyọsílẹ̀ náà, ó ní kí àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn náà san àfikún náà. Àwọn òṣìṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá iṣẹ́ sọ̀rọ̀.