Ìkìlọ̀ Tí Kò Rí Ẹni Dáhùn: Ìwà Ipá àti Ìdènà Rẹ̀ nínú Ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀

Ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 oṣù Keje, 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn tí wọ́n bojú, tí wọ́n mú ìbọn àti àáké lọ́wọ́, ya wọ ilé ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń wá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ti kú. Ọ̀kan nínú wọn ni George Iwilade, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí gbogbo ọgbà mọ̀ sí Afrika. Ìjọba alágbádá kò tíì pé oṣù méjì lórí oyè nígbà náà. Bí ìpànìyàn yìí ṣe burú tó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí. Ohun tí wọn kì í sábà bèèrè ni pé ìkìlọ̀ wo ni ó ṣáájú rẹ̀, àwọn wo ni ó sì dé etí ìgbọ́ wọn.

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò fi ìbọn bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1952, ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, Wọlé Ṣóyínká àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà mìíràn dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀ láti tako ìwà ṣe-bí-òyìnbó àti ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ní 1972, àwọn kan yapa, wọ́n dá Buccaneers sílẹ̀. Kí ẹ̀wádún náà tó parí, Black Axe ti yọjú ní Yunifásítì Benin. Pyrates fúnra wọn kúrò nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní 1984. Àwọn tí ó kù sọ ọ́ di ìjà ìpínlẹ̀ àti ẹ̀san. (Àṣìṣe ńlá sì ni bí àwọn kan ṣe ń pe nǹkan wọ̀nyí ní awo. Ìlú mọ ilédì Ògbóni, ó sì mọ àwọn àgbà tí ń wọ ibẹ̀. Ta ni ó mọ ẹni tí ó bojú ní ìdájí?)

Òfin kò ṣàìsí. Lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ẹ̀hónú hàn káàkiri ní 1989 nítorí ìnira tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé mú wá, ìjọba ológun gbé Òfin 47 ti ọdún náà jáde. Ẹni tí ó bá ṣẹgbẹ́ òkùnkùn lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, tàbí kí ó san ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà. Ṣùgbọ́n òfin yìí kan náà ni ó sọ wíwọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ di ohun tí ó bá wuni, tí ó sì fún àwọn aláṣẹ lágbára láti fòfin dè é. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ajá tí ń gbó lóru nínú ọgbà. Ẹni tí ó ní òun ń lé olè ni ó tún so ajá náà mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìfura ti gbilẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé àwọn aláṣẹ kan ń lo ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn láti fi borí àwọn aṣáájú wọn. Bóyá ìfura yìí tọ̀nà níbi gbogbo tàbí kò tọ̀nà, ó ti ba ìfọkàntán jẹ́. Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ní Ifẹ̀, ajá náà gbó. Ní oṣù Kẹta 1999, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ká àwọn kan tí wọ́n fura sí mọ́ ilé kan ní àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́, pẹ̀lú ohun ìjà. Wọn kò lù wọ́n pa. Wọ́n fà wọ́n lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Ẹjọ́ náà dé kóòtù, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, wọ́n sì dá àwọn afurasí sílẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n oorun náà ni wọ́n sùn fún oṣù mẹ́rin. Nítorí náà, kò tọ́ láti sọ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Keje bá ọgbà náà lójijì. Àwọn ọmọ ọdún ogún péré ti ṣe ìwọ̀n tí ó kàn wọ́n; ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni iṣẹ́ náà já sí.

Lẹ́yìn ìpànìyàn náà, ìbínú gba ọgbà kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá afurasí kiri, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò fúnra wọn. Ó yéni ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n ti gbìyànjú ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá rí. Síbẹ̀, ewu ńlá wà níbẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lè bá a lọ. Ìjọba yọ gíwá nípò. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì fún àwọn gíwá gbogbo ní gbèdéke láti fòpin sí ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ó di pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń jáde ní gbangba láti kọ ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Òfin náà túbọ̀ le: ní 2021, Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìjìyà rẹ̀ dé ẹ̀wọ̀n ọdún mọ́kànlélógún, ó sì fẹ̀ ẹ́ kọjá akẹ́kọ̀ọ́ nìkan, nítorí pé nǹkan náà ti jáde sí ìgboro.

Ìbọn nìkan kọ́ ni ìwà ipá. Ní oṣù Kẹrin 2018, nínú ọgbà Ifẹ̀ yìí kan náà, ohùn kan tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan gbà sílẹ̀ lórí fóònù tàn ká: olùkọ́ kan ń bèèrè ìbálòpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó fún un ní máàkì. Lọ́tẹ̀ yìí, yunifásítì ṣe ìwádìí, ó sì lé olùkọ́ náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà. Àjọ ICPC gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì.