Àwọn Tó Débẹ̀: Akọ̀ròyìn Amóhùnmáwòrán ní Gúúsù Èkìtì

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà, ohun tí akọ̀ròyìn amóhùnmáwòrán sì ń fi ọjọ́ ayé rẹ̀ lépa ni pé kí ó sọ ìròyìn di àfojúbà fún ẹni tó jókòó sílé, tí kò lè dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń ka ìròyìn ni ayé ń mọ̀ lójú, òun ni wọ́n ń kí lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó rìn dé ibi ọ̀rọ̀, tí eruku ọ̀nà Ìsẹ̀ bò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, tí ó bi àgbẹ̀ àti ìyálọ́jà léèrè kí ó tó kọ ohun tó kọ, òun ni mo gbà pé ìtàn ilẹ̀ wa jẹ ní gbèsè jù lọ.

Kí amóhùnmáwòrán tó dáyé, gúúsù Èkìtì ti ní ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ọlọ́wẹ̀, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, tí ó di ẹni àpọ́nlé ní ààfin Arínjale ti Ìsẹ̀, ni Ọgọ̀gà ti Ìkẹ́rẹ́ ránṣẹ́ sí pé kí ó wá fi ọnà ṣe ààfin òun lọ́ṣọ̀ọ́ láàrin ọdún 1910 sí 1914. Ohun tí ó sì gbẹ́ sára ilẹ̀kùn ibẹ̀ kì í ṣe àlọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé ni: bí àwọn aláàárù ṣe gbé Kápútéènì Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ̀lú, tí Ọgọ̀gà sì gúnwà dè é. Ní 1924 ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, kò sì padà wálé mọ́, nítorí àwọn ará British Museum fẹ́ rà á, kábíyèsí kò tà á, ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀.

Amóhùnmáwòrán ní tirẹ̀, ìbínú ló bí i. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, ọdún 1953, Anthony Enahoro dábàá ní ilé ìgbìmọ̀ ní Èkó pé kí Nàìjíríà máa ṣe ìjọba ara rẹ̀ ní 1956; ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group jáde nínú ilé, Gómìnà Macpherson sì bọ́ sórí rédíò, ó dá wọn lẹ́bi. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, ní kí wọ́n fún òun náà láyè kí òun fèsì, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Awólọ́wọ̀ kò gbàgbé ọjọ́ náà, nígbà tó sì di ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tí ó ń darí ṣí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, èyí tó ṣáájú gbogbo irú rẹ̀ ní ilẹ̀ adúláwọ̀ níhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Aníkẹ̀ẹ́ Agbájé-Williams ni ojú àkọ́kọ́ tí wọ́n rí níbẹ̀, Kúnlé Ọláṣọpé ló kọ́kọ́ ka ìròyìn, Adébáyọ̀ Fálétí òǹkọ̀wé náà sì wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n agbára ẹ̀rọ tó wà lórí òkè Mápó kò lè gun Olósùnta àti Òròlé, àwọn òkè Ìkẹ́rẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, akọ̀ròyìn yóò gba ọ̀nà Ifẹ̀ àti Iléṣà, tó lé ní 200 kìlómítà, yóò ya àwòrán sórí fíìmù oní-mìlímítà 16, yóò sì gbé e padà sí Ìbàdàn kí wọ́n tó fi oògùn fọ̀ ọ́, kí wọ́n gé e, kí wọ́n tò ó, kí wọ́n wá kọ ọ̀rọ̀ tó bá a mu sí i, torí púpọ̀ nínú fíìmù ìgbà náà kì í gba ohùn. Iná ìbáà jó ilé mẹ́wàá ní Emùré, Ìbàdàn kò lè rí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní oṣù Kejì, ọdún 1976, tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú, tí NTA sì dé síbẹ̀, ọ̀nà kúrú, nítorí Ìkẹ́rẹ́ kò jìnnà sí Àkúrẹ́ rárá. Àmọ́ ìṣòro mìíràn ń bọ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ni NTA, àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ UPN ń ṣàkóso sì dá tiwọn sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n kéde Akin Ọmọ́bóríowó ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1983, pé òun ló borí Gómìnà Adékúnlé Ajáṣin nínú ìdìbò, tí ìpínlẹ̀ náà gbiná, tí ẹ̀mí àti ilé ń ṣòfò kí ilé-ẹjọ́ tó dá ipò Ajáṣin padà fún un, akọ̀ròyìn tó bá gbé kámẹ́rà jáde, ti ẹni tó ni kámẹ́rà ni aráàlú yóò kọ́kọ́ bi í. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. N kò mọ iṣẹ́ tí òwe yìí bá mu tó tiwọn.

Èkìtì di ìpínlẹ̀ tó dá dúró ní 1996, ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán tirẹ̀ sì wà ní Ìlókun, l'Ádó. Ní oṣù Keje, ọdún 2018, gómìnà ìgbà náà, Ayọ̀délé Fáyòṣé, bọ́ sórí ẹ̀rọ ìpínlẹ̀, ó ní igbákejì òun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kọ́lápọ̀ Olúṣọlá Ẹ̀lẹ́ka, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ló wọlé ìdìbò, nígbà tó jẹ́ pé Káyọ̀dé Fáyẹmí ni àjọ INEC kéde. Àjọ tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ sì ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Ó dùn mí, nítorí kì í ṣe akọ̀ròyìn ló ṣe é, síbẹ̀ ẹnu iṣẹ́ wọn ni a fi ṣe é.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní, ọdún 2024, ọjọ́ tí wọ́n pa ọba méjì ní agbègbè Ìkọ̀lé, àwọn ajínigbé kó àwọn ọmọ ilé-ìwé, olùkọ́ wọn àti awakọ̀ wọn lọ ní Emùré. Àwọn akọ̀ròyìn gba ọ̀nà tí ẹ̀rù wà yẹn, orílẹ̀-èdè sì gbọ́ orúkọ Emùré títí àwọn ọmọ náà fi padà dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Awakọ̀ náà kò padà. Àwọn àwòrán ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, kí wọ́n má bàa sọnù. Ọ̀pọ̀ ìròyìn àtijọ́ ló ti ṣègbé ní orílẹ̀-èdè yìí, nítorí orí téèpù kan náà ni wọ́n tún ń ká òmíràn lé. Yunifásítì wà ní Ìkẹ́rẹ́ báyìí, tí wọ́n fi sọrí Bámidélé Olúmilúà. Kí wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún fọ́nrán àwọn akọ̀ròyìn wa, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára.