"Gbogbo" àti "Kò Sí Èyí Tí Kò": Ìtàn Ìbéèrè Kan

Ká ní alábòójútó ẹ̀kọ́ àgbà kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ka gbogbo ìwé mẹ́rin tí wọ́n ń lò. Yóò ṣí ìwé orúkọ, yóò mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì wò ó bóyá ìwé kan kù tí onítọ̀hún kò tíì kà. Bí kò bá sí, ó ti rí ẹni tí ó ń wá. Èdè Yorùbá mọ ọ̀nà yìí dáadáa: "gbogbo ará ilé ló jẹun" àti "kò sí ará ilé tí kò jẹun", ìtumọ̀ kan náà ni.

Ní ọdún 1879, Gottlob Frege, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, ṣe àmì kan fún "gbogbo". Kò ṣe àmì ọ̀tọ̀ fún "ó wà". Bí ó bá fẹ́ sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí ó mọ̀wé, ohun tí yóò kọ ni pé irọ́ ni pé gbogbo wọn ni kò mọ̀wé.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ní 1970, Edgar Codd ti ilé-iṣẹ́ IBM dábàá pé kí wọ́n máa to ìsọfúnni sínú àtẹ; ní 1972, ó fi àyè sílẹ̀ fún "gbogbo" nínú ìlànà ìbéèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n SQL, èdè ìbéèrè tí ó wá gbajúmọ̀ jù, ní EXISTS fún "ó wà", kò sì ní FORALL fún "gbogbo". Ẹni tí ó bá ń wá "gbogbo" a máa kọ NOT EXISTS lẹ́ẹ̀mejì: kò sí ìwé kan tí kò sí àkọsílẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà kà á.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Prolog, tí Alain Colmerauer àti Philippe Roussel ṣe ní Marseille ní 1972. Ní 1978, Keith Clark ṣàlàyé pé "kò sí" lẹ́nu irú èdè bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ wá a tì. Ní ọdún kan náà, Raymond Reiter ṣàlàyé èrò tí ó wà nídìí rẹ̀: ohun tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ ni wọ́n ń kà sí ohun tí kì í ṣe òótọ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan olùkọ́ ẹ̀kọ́ àgbà. Ká ní wọn kò tíì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní abúlé kan lẹ́bàá Kaboua. Bí wọ́n bá bi ẹ̀rọ bóyá gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ti mọ̀wé, "bẹ́ẹ̀ ni" ni yóò dáhùn, nítorí kò rí ẹyọ kan tí kò mọ̀wé. Abúlé tí iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ yóò wá dà bí èyí tí iṣẹ́ ti parí. Ìyá tí kò ráyè wá sí kíláàsì, tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé, kò ní sí nínú "gbogbo" náà. Nítorí náà, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo àgbàlagbà abúlé, àti ẹni tí ó wá àti ẹni tí kò wá, kí wọ́n sì béèrè iye wọn kí wọ́n tó béèrè bóyá gbogbo wọn ti mọ̀wé.