Ọmọ Ọ̀dọ̀ Tó Ń Da Omi Òkun Lójú Fèrèsé

Èmi ni mo pa wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́, kí ẹ má baà rò pé ọ̀mọ̀wé kan ló jókòó tó ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kó kúrò ní Surulere lọ sí ilé tuntun tó kọ́ sí ọ̀nà Ajah. Nínú gbogbo ẹrù rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù: àpótí gíláàsì tó ń sin ẹja òkun àti iyùn alààyè sí nínú pálọ̀. Ó ti ra àpótí mìíràn tó tóbi ju ti àtijọ́ lọ, ó ti gbé e kalẹ̀ sílé tuntun, ó ti po omi iyọ̀ sínú rẹ̀. Ó ku kí a kó ẹja, iyùn àti òkúta lọ bá a níbẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ránṣẹ́ pè é níbi iṣẹ́.

"Àbúrò," ó ní, "bá mi mójú tó o. Rọra o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ni mo wí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo rọra lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kó òkúta jáde, mo rí i pé ìdọ̀tí ti bò wọ́n, wọ́n ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá. Ilé tuntun, òkúta onídọ̀tí? Mo pe àwọn ọmọkùnrin tó ń bá wa kó ẹrù, mo ní kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ̀ wọ́n. Wọ́n fọ̀ wọ́n funfun báláú. Omi àtijọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí díẹ̀, a dà á sí gọ́tà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé lálẹ́, ó wo àpótí, ó wo òkúta, kò sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta ẹja àkọ́kọ́ léfòó. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, kò ṣẹ́ku ẹyọ kan, iyùn tó ń tàn bí òdòdó sì ti di egungun funfun.

Kò bú mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé kiri nìyẹn, kí n lè mọ bí aráyé ti ṣe kọ́ láti gbé òkun wọlé, kí òkun náà má sì kú.

Iyùn tí mo ń sọ yìí, ẹ mọ̀ ọ́n. Ìbátan ni òun àti iyùn pupa tí àwọn ọba àti ìjòyè wa ń so mọ́rùn. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé òkúta ni. Egungun ẹranko ni. Àwọn ẹranko kéékèèké ló ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń mọ ilé, tí wọ́n sì ń gbé orí rẹ̀. Inú òkun Mẹditaréníà, tó wà láàrin Yúróòpù àti Áfíríkà, ni wọ́n ti ń wa iyùn pupa tó lókìkí jù lọ, tí àwọn oníṣòwò fi ń gbé e káàkiri ayé.

Etí òkun yẹn kan náà ni ìtàn àpótí gíláàsì ti gbérí. Aránṣọ kan wà, ọmọ ilẹ̀ Faransé, Jeanne Villepreux-Power lorúkọ rẹ̀, wọ́n bí i ní 1794. Nígbà tó lọ́kọ, ó lọ ń gbé ní Messina, ní erékùṣù Sicily. Ẹranko òkun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní argonaut, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni, ó sì máa ń gbé inú ìkarahun. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń jiyàn: ṣé òun ló ń ṣe ìkarahun náà ni, àbí ó jí i wọ̀? Ní 1832 obìnrin yìí ṣe àpótí gíláàsì, ó bu omi òkun sí i, ó kó àwọn ẹranko náà sí i láàyè, ó sì ń wò wọ́n. Ó dá ìkarahun wọn lu. Ẹranko náà tún un ṣe fúnra rẹ̀. Iyàn parí. Òun náà mọ ìyà ẹrù kíkó o: ní 1838, ọkọ̀ ojú omi tó gbé ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lọ sí London rì sínú òkun. Tirẹ̀ ṣáà sàn, kì í ṣe ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ló ti bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n Messina wà létí òkun. Bí omi bá bàjẹ́, wọ́n á lọ pọn òmíràn. Ìdánwò gidi ni kí a gbé òkun lọ síbi tí òkun kò sí. Ní 1846 ni ìyáàfin kan, Anna Thynne, lọ sí Torquay ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àlùfáà ńlá ni ọkọ rẹ̀ ní Westminster Abbey, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń dé àwọn ọba wọn ládé. Ìyáàfin yìí rí irú iyùn kékeré kan tí ń gbé inú omi tútù, ó wù ú, ó ní òun yóò gbé e délé ní London. Kí wọ́n má baà máa forí gbárí, ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wọn mọ́ kànìnkànìn ńlá kan. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Aránṣọ ní Messina, abẹ́rẹ́ àti òwú ní London: ó jọ pé àwọn tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ló ní ìtàn yìí.

Iyùn dé London láyọ̀. Omi ló wá di ìjà. Omi òkun tó wà nílé kò pọ̀, bí a bá sì fi omi òkun sílẹ̀ lójú kan pẹ̀lú ohun abẹ̀mí nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí á tán, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Níbí ni ọmọ ọ̀dọ̀ ti wọ inú ìtàn. Ìyáàfin ní kí ọmọbìnrin náà dúró lójú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, kó máa da omi náà láti inú ohun èlò kan sínú èkejì, kó tún dà á padà, lọ bọ̀, lọ bọ̀, fún ìdajì wákàtí tàbí ìṣẹ́jú 45, kí wọ́n tó tún omi náà lò. Bí omi ti ń já bọ́ ni afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ọ́. Wọ́n ń lò ó, wọ́n tún ń lò ó, omi kan náà, iyùn kò sì kú. Wọ́n tiẹ̀ ń bí sí i.

Ìyáàfin Thynne fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé náà sì jáde ní 1859. Ó gbà pé iṣẹ́ náà ń tánni lókun, àmọ́ ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ òun kà á sí eré. Hẹn-ẹn. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pọn omi rí kó tó lọ sílé ìwé láàárọ̀ mọ ohun tí omi ń fi apá ṣe. Orúkọ ìyáàfin wà nínú ìtàn títí di òní. Ti ẹni tó da omi, ọmọ ọ̀dọ̀ kékeré lásán ni wọ́n pè é. Lójú tèmi, òun ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó gbé iyùn ró ní London. Gbogbo póǹpù tó ń kùn lábẹ́ àpótí ẹja lónìí, iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe.

Nígbà tó yá, ìyáàfin náà rí i pé bí a bá fi ewéko òkun sínú omi, wàhálà dídà náà dín kù. Robert Warington, tó mọ̀ nípa kẹ́míkà, kọ̀wé lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1850: ewéko ń fún ẹja ní afẹ́fẹ́, ìgbín omi ń jẹ ewé tó rà. Ní 1853 wọ́n ṣí ilé ẹja nínú ọgbà ẹranko London. Ọdún kejì ni ìwé Philip Henry Gosse jáde, òun ló sì sọ ọ̀rọ̀ náà "aquarium" di ti gbogbo ayé. Ìjọba ti fagi lé owó orí gíláàsì láti 1845, ọkọ̀ ojú irin sì ń dé etí òkun. Gbogbo ẹni tó lówó lọ́wọ́ fẹ́ ní òkun sí pálọ̀. Ẹja kú bí eṣinṣin.

Àwọn kan rò pé omi ni gbogbo rẹ̀, pé bí o bá ti ní omi òkun tó, o ti ní òkun. Ìlú Chicago, ní Amẹ́ríkà, jìnnà sí òkun. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí Shedd Aquarium ní 1930, Key West ní ìsàlẹ̀ Florida ni wọ́n ti lọ pọn omi, ó ju ẹgbẹ̀rún máìlì lọ. Ogún ọkọ̀ alágbá, lórí irin, lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ. Mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù! Bí mo bá ti kà á tẹ́lẹ̀, n bá tún rò pé ẹ̀bi mi kò ju omi tí mo dà sí gọ́tà lọ.

Òkúta ló pa wọ́n. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja máa ń di amóníà, májèlé ni. Láti nǹkan bí 1890 ni Sergei Winogradsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ti fi hàn pé àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń sọ amóníà di ohun tí oró rẹ̀ kéré. Ara òkúta àti iyanrìn ni wọ́n ń gbé. Ìdọ̀tí tí mo ní kí wọ́n fọ̀ dànù, àwọn òṣìṣẹ́ nìyẹn. Mo lé gbogbo òṣìṣẹ́ kúrò, mo wá kó oníjẹun sínú ilé.

Ẹni tó tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ òkúta yìí fún àwọn olùsin ẹja ni Lee Chin Eng, ará Jakarta ní Indonesia, nínú ìwé ìròyìn kan ní 1961. Òun kò fọ òkúta. Ó kó o láti inú òkun pẹ̀lú gbogbo ohun tó ń rá lára rẹ̀, ó fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí omi, ó fi oòrùn sí i, iyùn rẹ̀ sì yè. Àwọn ará Berlin mú un lọ síwájú. Nítorí pé iyùn ilẹ̀ olóoru ní ewéko tín-ín-tín nínú ara rẹ̀ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ fún un, wọ́n gbé iná ńlá kọ́ sórí àpótí, wọ́n sì fi ẹ̀rọ kan tó ń mú omi yọ ìfófòó sí i, kí ìfófòó máa gbé ẹ̀gbin jáde. Dietrich Stüber wà lára wọn. Ó máa ń ṣẹ́ ẹ̀ka iyùn rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́, bí a ti ń ṣẹ́ igi ẹ̀gẹ́ fún aládùúgbò kó lọ gbìn ín.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n náà kì í fi ẹrù kíkó ṣeré. Steinhart Aquarium ní San Francisco kó gbogbo ẹja rẹ̀ lọ sí ilé àyálò ní 2004, ó di 2008 kí wọ́n tó kó padà sí ilé tuntun. Ẹja arúgbó kan wà lára wọn tó ti wà lọ́dọ̀ wọn láti 1938, Methuselah ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀gbọ́n mi tún bẹ̀rẹ̀. Àpótí rẹ̀ gba lítà 400, ìyẹn ni pé omi nìkan wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́jọ. Ó gba òkúta alààyè lọ́wọ́ ẹnì kan, inú ike olómi òkun ni wọ́n wà títí tó fi gbé wọn délé, ó ń fi ẹ̀rọ kékeré fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn lójú ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kò fi ẹja kankan sí i. Mo fẹ́ fọwọ́ kan òkúta kan lọ́jọ́ kan, ó kàn wò mí ni.

Lóṣù tó kọjá mo lọ sùn síbẹ̀. Iná lọ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, bátìrì ẹ̀rọ kékeré náà sì ti kú. Ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè wá mí lójú omi. Ẹ̀gbọ́n mi gbé jọ́ọ̀gì méjì wá láti kíṣìnì. A ṣí fèrèsé, a dúró sí apá ọ̀tún àti òsì àpótí náà, a ń bu omi, a ń gbé e sókè, a ń dà á padà. Aago méjì kọjá kí iná tó dé.

"Ṣé ó ti rẹ̀ ọ́?" ló bi mí.

Apá mi ń gbọ̀n. Mo ní, "Rárá o, eré ni."