Itẹ́ Òkú St. Louis Kìíní

Òpópónà Basin ní ìlú New Orleans, ìpínlẹ̀ Louisiana, Amẹ́ríkà, ni itẹ́ òkú yìí wà. Òun ló pẹ́ jù nínú àwọn itẹ́ òkú tó ṣì wà nílùú náà. Ọdún 1789, lábẹ́ ìjọba Sípéènì, ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti rọ́pò itẹ́ òkú St. Peter. Ìjọ Àgùdà ló ni ín.

Orí ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ibojì ibẹ̀ wà. Bíríkì ni wọ́n fi mọ wọ́n, wọ́n sì rẹ́ wọn lẹ́fun. Ìran dé ìran ni ẹbí kan ń lo ibojì kan náà: bí òkú bá ti jẹrà, wọn a kó egungun rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà kí wọ́n tó gbé òmíràn wọlé. Àwọn ẹgbẹ́ ìrànwọ́ náà ní ibojì àjùmọ̀ní. Ti àwọn ará Ítálì ni wọ́n kọ́ ní 1857.

Lára àwọn tó sùn síbẹ̀ ni Étienne de Boré, olórí ìlú àkọ́kọ́ (kú 1820). Paul Morphy, ọ̀gá nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì (kú 1884). Àti Homer Plessy (kú 1925), ẹni tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ tipasẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀ fọwọ́ sí òfin ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà ní 1896. Ibẹ̀ náà ni wọ́n gbà pé Marie Laveau, gbajúmọ̀ olórí ẹ̀sìn Fúdù (kú 1881), wà.

Nítorí àwọn tó ń ba ibojì jẹ́, láti 2015 ni ìjọ ti pàṣẹ pé kí àwọn arìnrìn-àjò máa bá afinimọ̀nà tó níwèé àṣẹ wọlé.