Bodè, Kọ́kọ́rọ́ àti Ìka Ọwọ́: Bí Wọ́n Ti Ń Ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà ní Ọ̀fà

Ọ̀fà, ní ilẹ̀ Ìbòlọ́ ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ti jẹ́ ìlú olódi tipẹ́ kí ó tó di ìlú ojú irin. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ọmọ ọba Ọ̀yọ́ kan, Ọlálọmí Ọlọ́fàgangan, ló tẹ̀ ẹ́ dó, àṣà Ọ̀yọ́ nípa odi, yàrà àti bodè sì bá wọn débẹ̀. Irú odi bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Nígbà tí arìnrìn-àjò òyìnbó, Hugh Clapperton, dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, odi amọ̀ tí gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 20 ló rí, yàrà gbígbẹ yí i ká, ẹnubodè 10 sì ni wọ́n ń gbà wọ ìlú.

Oníbodè ló ń pinnu ẹni tí yóò kọjá. Ó ń gba owó ẹyọ lọ́wọ́ oníṣòwò tó ru ẹrù, ó ń bi àlejò léèrè ẹni tó ń lọ bá, ó sì ń ti bodè bí ilẹ̀ bá ṣú. Ojú ló fi ń mọ ará ìlú. Ilà ojú àti ohùn ẹnu ló fi ń mọ ibi tí àjèjì ti wá. Ìránṣẹ́ tí kò mọ̀ rí ní láti fi ẹ̀rí hàn, ìyẹn àrokò tàbí ọ̀pá ọba tó rán an. Nínú ìlú, agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà ńlá kan tí gbogbo ilé ń gbà, àwọn àgbà tó jókòó síbẹ̀ sì ń rí ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Mímọ ẹni, rírántí ẹni tó kọjá, fífúnni láṣẹ tàbí dídánidúró: iṣẹ́ mẹ́ta yìí náà ni ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà òde òní ń ṣe.

Ogun Ìlọrin ló dán bodè Ọ̀fà wò jù lọ. Lẹ́yìn ogun Jálumi ní Ìkìrun ní 1878, níbi tí Ìbàdàn ti ṣẹ́gun Ìlọrin àti àwọn tó gbè é lẹ́yìn, Ìlọrin dojú kọ Ọ̀fà tó wà lẹ́yìn Ìbàdàn. Ọmọ ogun Ìlọrin, tí Kárárá jẹ́ ọ̀gágun wọn, dó ti ìlú náà fún ọdún púpọ̀. Ìlú náà kò bọ́ sọ́wọ́ wọn níwọ̀n ìgbà tí ìbọn Ìbàdàn wà nínú rẹ̀. Ní nǹkan bí 1890 ni àwọn Ìbàdàn kúrò, tí wọ́n padà sí Ìkìrun. Ọ̀pọ̀ ará Ọ̀fà bá wọn lọ, Ìlọrin wọlé, wọ́n sì pa nínú àwọn ìjòyè tó dúró. Agbára odi náà wà lọ́wọ́ àwọn tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n lọ ni ìlú ṣí sílẹ̀.

Ojú irin Èkó dé Ọ̀fà ní 1908. Àlejò ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ìlú fúnra rẹ̀, ẹrù ń wọlé lọ́pọ̀ yanturu, bodè kò sì níṣẹ́ mọ́. Ìṣọ́ kúrò ní etí ìlú, ó wá sí ẹnu ṣọ́ọ̀bù: ọdẹ òru, mẹ́gáàdì, ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń dábùú ìlẹ̀kùn, àti àgádágodo. Irú kọ́kọ́rọ́ pẹlẹbẹ tí Linus Yale ará Amẹ́ríkà ṣe láàárín 1860 àti 1865 ló gbòde jù. Àwọn irin tín-ín-rín kan wà nínú àgádágodo rẹ̀ tí eyín kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ gbé sókè déédéé kí ó tó yí. Àléébù kọ́kọ́rọ́ ni pé kò mọ ẹni tó dì í mú. Bí ọ̀kan bá sọnù, àfi kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo àgádágodo. Ìdí nìyẹn tí àwọn báńkì fi máa ń pín kọ́kọ́rọ́ yàrá owó sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ méjì, kí ẹnì kan má baà lè dá ṣí i.

Báńkì náà ló mú ìlẹ̀kùn sẹkúrítì dé àárín ìlú. Àpótí dígí ni, ó dúró ṣánṣán, ẹnì kan ṣoṣo ló gbà. Ẹni tó fẹ́ wọlé yóò tẹ bọ́tìnì, iná pupa yóò di àwọ̀ ewé, ìlẹ̀kùn ìta yóò sì ṣí. Ó wọ inú rẹ̀, ìlẹ̀kùn ìta pa dé, kí ti inú tó ṣí. Méjèèjì kì í ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ̀rọ bá gbúròó irin, ohùn kan yóò ní kí ó padà. Ìyá oníkúkúńdùkú tó so kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mọ́ ìdí ìró á tú u, á gbé e fún mẹ́gáàdì, á sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìlẹ̀kùn náà ṣiṣẹ́ dáadáa fún ohun tí wọ́n ṣe é fún: olè kan tó fẹ́ yọ́ ìbọn wọlé láàárín àwọn oníbàárà.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2018, àwọn tó wá sí Ọ̀fà kò yọ́ ohunkóhun wọlé. Àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n kọ́kọ́ kọlù, wọ́n kó ìbọn níbẹ̀, wọ́n wá kọjá sí àwọn báńkì ìlú, wọ́n sì fi ohun abúgbàù fọ́ ìlẹ̀kùn. Ènìyàn 33 ni wọ́n pa, ọlọ́pàá 9 wà lára wọn. Ọgbẹ́ yìí kò tíì jinná lára Ọ̀fà. Fún oṣù mélòó kan, báńkì tó ṣílẹ̀kùn ṣọ̀wọ́n, àwọn oníṣòwò sì ń gbé owó lọ sí àwọn ìlú mìíràn, nínú ewu ọ̀nà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ní Ìlọrin dájọ́ ikú fún ọkùnrin 5 lórí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1890 ló tún ṣẹlẹ̀ lọ́nà mìíràn: nígbà tí àgọ́ ọlọ́pàá ti ṣubú, kò sí ẹni tó kù tí yóò ti ìlẹ̀kùn náà lẹ́yìn.

Nítorí náà, ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ sọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dọ̀tun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣọ́. Káàdì ló wọ́pọ̀ jù. Èyí tó bá sọnù, kọ̀ǹpútà á pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, wọn kò sì ní í pààrọ̀ nǹkan kan lára ìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n káàdì àtijọ́ tó ń lo ìgbì rédíò 125 kHz ń sọ nọ́ńbà kan náà síta fún ẹ̀rọ èyíkéyìí tó bá bi í, ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú sì lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Àwọn káàdì 13.56 MHz tó ń fi àṣírí dáhùn ló yẹ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tún wà níbẹ̀, ó sì ká ìlú bí Ọ̀fà lára ju ọ̀pọ̀ ìlú òkèèrè lọ. Ìlẹ̀kùn tí mágínẹ́ẹ̀tì dì mú máa ń ṣí bí iná bá lọ. Irú mìíràn wà tó máa ń tì pa láti ìta bí iná bá lọ. Ti àkọ́kọ́ dára fún ọ̀nà tí ènìyàn yóò gbà sá jáde bí ilé bá ń jó, èkejì dára fún yàrá owó. Méjèèjì nílò bátìrì tó lè gbé wọn dé ìgbà tí iná yóò padà.

Ìka ọwọ́ ló dé kẹ́yìn. Láti 2014 tí báńkì ti ń gba ìka oníbàárà fún BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báńkì, ni ó ti mọ́ àwọn ará Nàìjíríà lára, àwọn ilé iṣẹ́ sì ń fi ṣílẹ̀kùn fún òṣìṣẹ́ wọn báyìí. Ó ju káàdì lọ ní ti pé ẹnikẹ́ni kò lè yá ẹlòmíràn, àmọ́ ẹni tí wọ́n bá jí àkọsílẹ̀ ìka rẹ̀ kò ní ìka tuntun láti fi rọ́pò rẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 kà á mọ́ àwọn ìsọfúnni tó gba ìṣọ́ra jù lọ. Àbójútó àkọsílẹ̀ yìí ti di ojúṣe agbanisíṣẹ́, kì í ṣe ti ẹni tó wá ri ẹ̀rọ mọ́ ògiri nìkan.