Ọtí Kíkan Tí Àwọn Ọmọ Ogun Róòmù Ń Mu

Lásìkò Àjíǹde, ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé wọ́n ki kànìnkànìn bọ inú ọtí kíkan, wọ́n sì nà án sí Jésù lórí àgbélébùú. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún wa ni pé ìkà ni wọ́n fi ṣe. Ó lè rí bẹ́ẹ̀; Lúùkù sọ pé àwọn ọmọ ogun ń fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n Jòhánù sọ pé ohun èlò kan tó kún fún ọtí kíkan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ta ló gbé e wá? Lójú tiwa, ohun mímu àwọn ọmọ ogun fúnra wọn ni.

Posca ni wọ́n ń pè é ní èdè Látìn: wáìnì tó ti kan, tí wọ́n bu omi là. Ẹni tó bá ti tọ́ ẹmu àná wò kò ní béèrè àlàyé púpọ̀. Kò wọ́n, ó ń pa òùngbẹ, kì í sì í tètè bàjẹ́ (ó ti kan tán, kí ló tún kù?). Kódà, òfin kan ní ọdún 360 lẹ́yìn ìbí Kristi pàṣẹ pé kí ọmọ ogun gba wáìnì lọ́jọ́ kan, kó gba ọtí kíkan lọ́jọ́ kejì.

Àwọn ẹrú náà ní irú tiwọn. Cato àgbà kọ bí wọ́n ṣe ń po èyí tí ẹrú oko yóò mu nígbà òtútù: oje àjàrà ìwọ̀n 10, ọtí kíkan 2, oje àjàrà tí wọ́n sè títí ó fi ki 2, omi 50. Omi 50! Wọn yóò fi igi rò ó lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, wọn yóò sì da omi òkun díẹ̀ sí i. Cato yìí kan náà, gẹ́gẹ́ bí Plutarch ṣe sọ, a máa mu omi lásán lójú ogun, a sì máa béèrè ọtí kíkan bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́ gan-an. Wọ́n yìn ín fún un. Ta ló yin ẹrú rẹ̀?

Suetonius náà sọ ti Asiaticus, ẹrú Vitellius, tó sá lọ nítorí pé ayé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ sú u. Ní èbúté Puteoli ni ọ̀gá ti rí i tó ń ta posca. Ó fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè é, kò pẹ́ ó tú u sílẹ̀. Nígbà tí Vitellius di olú-ọba ní ọdún 69, ó fún Asiaticus ní òrùka wúrà àwọn ọlọ́lá.